Jẹ́ẹ̀lì irorẹ́ tó tún ojú mi ṣe, tó sì ba aṣọ ẹgbẹ́jọdá jẹ́

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa kí irorẹ́ tó wá fi ojú mi ṣe ilé. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ojú mi jọ̀lọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ló ń fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìgbà tí mo já ọmọ mi kejì lẹ́nu ọmú ni àwọn kókó líle bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí àgbọ̀n mi títí dé ọrùn. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan kí n rí nǹkan oṣù mi, wọn á tún pọ̀ sí i.

Mo kọ́kọ́ ra ìpara àpòpọ̀ kan lọ́jà, inú ike tí kò ní àkọlé kankan. Láàárín ọjọ́ márùn-ún ojú mi ti ń dán. Nígbà tí mo dá a dúró, irorẹ́ tú jáde bí ẹni tú àpò àgbàdo. Apoògùn tí mo fi ojú hàn ní irú ìpara bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní kọtikoídì, oògùn líle tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀, nínú: á mú ojú rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì lè fa irorẹ́ tirẹ̀.

Òun náà ló ta jẹ́ẹ̀lì yìí fún mi níbí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Lára páálí, péroxyde de benzoyle 5% (benzoyl peroxide lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà ni mo mú lọ, ṣẹ́ńjì tí mo gbà kò tó ra búrẹ́dì méjì. Ó ń pa kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ihò ara tí òróró ti dí, kì í sì í mọ́ kòkòrò náà lára bí àwọn àńtíbíótíìkì ṣe máa ń mọ́ ọn lára.

Lálẹ́, mo fi ọṣẹ tí kò lóòórùn àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ojú, láìfi kànìnkàn họ ọ́. Bó bá gbẹ, mo pa jẹ́ẹ̀lì fẹ́ẹ́rẹ́ sí gbogbo àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kì í ṣe orí kókó nìkan, torí èyí tí yóò yọ lọ́la ti wà lábẹ́ awọ lónìí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ojú ta mí, ó bó bí èpo àlùbọ́sà, ọyẹ́ sì ń jà níta. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú nù. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà kí n tó rí i pé kókó tuntun ò yọ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ránṣọ bíi tèmi, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Jẹ́ẹ̀lì yìí ń jẹ aró aṣọ! Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pélébé inú páálí, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìyẹn? Mo ń kánjú, mo ń fi í pa ojú láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo ń fi eyín já òwú lára búbù aláró kan, aṣọ ẹgbẹ́jọdá ìgbéyàwó, ló bá kan àgbọ̀n mi. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ọmọ iṣẹ́ mi pè mí: "Ọ̀gá, ẹ wo àyà aṣọ yìí." Ibẹ̀ ti ṣá bí ẹni ta omi jáfẹ́ẹ̀lì sí i. Mo fi àpò bo ojú ibẹ̀, mo dá owó iṣẹ́ padà, mo lọ bẹ ìyá tó ni ín. Wọ́n wo aṣọ, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé ohun tó lé irorẹ́ rẹ lọ nìyí? Bá mi ra ọ̀kan fún ọmọ mi." Láti ọjọ́ náà, alẹ́ nìkan ni mo ń lò ó, ìrọ̀rí àti táwẹ́ẹ̀lì funfun nìkan ni mo sì ń lò.

Àdí àgbọn ti kúrò lójú mi, ó ti bọ́ sí ẹsẹ̀. Ó ń dí ihò ara. Jẹ́ẹ̀lì yìí kì í pa àpá dúdú rẹ́, oòrùn sì ń mú àpá náà dúdú sí i, nítorí náà mo ń lo ìpara SPF 30, èyí tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, láàárọ̀. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀: funfun bí ẹfun ló ń rí lójú èèyàn dúdú.

Oṣù kẹrin rèé, kókó kan tàbí méjì ṣì ń yọ lóṣooṣù. Mi ò tẹ̀ wọ́n mọ́. Bí mo bá tún máa ra òmíràn, 2.5% ni mo fẹ́: iṣẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti 10%, kì í sì í tani tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní in ní ilé oògùn tí mo ti ń rà, mo ti rán ẹni tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).