Gáskẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà tó ń jo ọ́ìlì: kọ́ọ̀kì lẹ máa rà ni, àbí rọ́bà, àbí gọ́ọ̀mù?

Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ni ìdérí tó wà lókè ẹ́ńjìnnì, gáskẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ló ń dí ojú ibi tó ti pàdé ẹ́ńjìnnì kí ọ́ìlì má bàa jò. Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ kọ́kọ́ yẹ PCV wò. Fáàfù kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn tó há sínú ẹ́ńjìnnì ráyè jáde, tó bá ti dí pẹ́nrẹ́n, atẹ́gùn yẹn á máa ti ọ́ìlì jáde níbi tó bá ti rí àyè, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun tẹ́ ẹ bá sì fi síbẹ̀ náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Tí PCV ò bá ní wàhálà, ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ọjà.

Kọ́ọ̀kì ló wọ́pọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí kọ́fà wọn jẹ́ páànù. Owó ẹ̀ ò pọ̀, ó sì máa ń gba kọ́fà tí ò tẹ́jú tán mọ́ra díẹ̀, àmọ́ ooru máa ń gbẹ ẹ́ títí táá fi le táá sì máa sán, tẹ́ ẹ bá tún wá fún bóòtì ẹ̀ jù, á pín sí méjì lójú ẹsẹ̀. Rọ́bà ni tèmi o. Èyí tí wọ́n mọ ṣe rẹ́gí fún kòtò tó wà lára kọ́fà máa ń pẹ́ gan-an, ìyẹn tí kòtò yẹn bá mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n rọ́bà ju rọ́bà lọ: nitrile ò gba ooru tó silicone, nitrile yẹn ló sì kún inú èyí tó pọ́ọ́kú, torí náà ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè. Fún kọ́fà páànù, tẹ́ ẹ bá rí rọ́bà tí wọ́n fi irin sáàárín ẹ̀, ẹ mú un, irin yẹn ò ní jẹ́ kí bóòtì tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Ẹ má ra gáskẹ́ẹ̀tì nìkan tí sẹ́ẹ̀tì bá wà. Sẹ́ẹ̀tì máa ń ní rọ́bà ihò plọ́ọ̀gì àti rọ́bà abẹ́ bóòtì nínú, tí ti ihò plọ́ọ̀gì yẹn bá ti bàjẹ́, ọ́ìlì á kún ibi tí plọ́ọ̀gì wà, ni ẹ́ńjìnnì á bá máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀.

Gọ́ọ̀mù inú túùbù (RTV) ńkọ́? Kì í ṣe gáskẹ́ẹ̀tì o! Ojú ibi tí kọ́fà tímíìnì (ìdérí tó bo ṣéènì ẹ́ńjìnnì) ti pàdé hẹ́ẹ̀dì (orí ẹ́ńjìnnì) àti igun tó rí bí òṣùpá ààbọ̀ ni wọ́n ń fi díẹ̀ sí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fún nǹkan bíi wákàtí 24. Àwọn tó máa ń fi í yí gbogbo ẹ̀ ká, mi ò mọ nǹkan tí wọ́n rí, torí èyí tó bá ṣẹ́kù sínú lè já bọ́ lọ dí asẹ́ tó ń fa ọ́ìlì nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí ò rí ọ́ìlì mu, ẹ ti mọ ìyókù.

Oògùn tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì kó má jò mọ́, rọ́bà tó ti le ló máa ń jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀. Kò lè ṣe nǹkan kan fún kọ́ọ̀kì tàbí rọ́bà tó ti já, ẹ kàn fi ń sún ọjọ́ síwájú ni.

Tí kọ́fà oníke bá ti sán tàbí tó ti ká, gáskẹ́ẹ̀tì kankan ò lè gbà yín, odindi kọ́fà lẹ máa rà. Ó máa ń ga, àmọ́ lórí ẹ́ńjìnnì bíi BMW N55, ara kọ́fà gan-an ni PCV wà, ẹ ti fi owó kan ra méjì nìyẹn.

Ohun yòówù kẹ́ ẹ rà, àárín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún bóòtì bọ̀ wá síta, díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ju 8 sí 10 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún bóòtì) lọ, ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín. Tó bá jẹ́ V6 ni (ẹ́ńjìnnì tó ní kọ́fà méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan), sẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ máa rà, pàápàá torí kọ́fà ẹ̀yìn tó sábà máa ń wà lábẹ́ intake manifold (àwọn páìpù tó ń gbé atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì), owó iṣẹ́ tí mẹkáníìkì máa gbà láti tú débẹ̀ ju owó gáskẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì, ẹ má wá lọ fi rọ́bà pọ́ọ́kú síbẹ̀.