Ilé Ìfọṣọ Tó Sọ Báàgì Ṣọ́jà Mi Di Àpò Sìmẹ́ǹtì

Ìyàwó mi ní kí n má kọ nǹkan kan, pé báàgì ni, kì í ṣe ọmọ. Àmọ́ òun kọ́ ló rí ohun tí mo rí lórí wáyà lọ́sàn-án Sátidé yẹn.

Báàgì kánfáàsì ni, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé tó ń gbẹ, ìkọ́ ide méjì wà níwájú rẹ̀, okùn èjìká rẹ̀ sì jẹ́ awọ. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló gbé e bọ̀ láti Liberia. Ó wà lára àwọn ECOMOG, ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kó jọ, tó wọ Monrovia lọ́dún 1990. (Kì í ṣe kámò o, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá mi dúró níwájú bárékè ṣọ́jà ní Ọ̀dọ̀gùnyàn.) Inú àpò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, inki wà níbi tí bírò Bàbá Kékeré ti jò sí. Inki yẹn ni mo fi ń dá a mọ̀.

Lóṣù kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, ní Ìkòròdú, mò ń lọ sí Fálómọ̀. Omi ta sí mi lára, báàgì náà sì gba tiẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi ọ̀sà máa ń níyọ̀ jù. Nígbà tó fi máa gbẹ, iyọ̀ ti fa ìlà funfun sí i lára. Bí iyọ̀ bá sì wà lára kánfáàsì, kò ní í gbẹ dénú, yóò tún máa jẹ ide. Ni mo bá gbé e lọ sí ilé ìfọṣọ tí mo ti ń kó ṣẹ́ẹ̀tì mi fún láti bí ọdún méjì. Wọ́n mọ ṣẹ́ẹ̀tì í lọ̀, n ò ní í purọ́ mọ́ wọn.

Ọmọkùnrin tó wà ní kántà ló gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún un: "Ẹ má fi mẹ́ṣíìnì fọ̀ ọ́. Omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ sá a síbi ìbòòji." Ó ní, "Kò sí wàhálà, bọ̀ọ̀dá." Ó kọ "báàgì 1" sórí ìwé pélébé, ó fà á ya, ó fún mi. Kò kọ omi tútù, kò kọ ìbòòji. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. ₦2,500, ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Sátidé, ní aago méjìlá ọ̀sán, mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo ti rí i. Ó dorí kodò lórí wáyà láàárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan àti ẹ̀wù àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn ń lù ú. Omi tó rí bí omi ẹlùbọ́ ń kán lára rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Mo fọwọ́ kàn án. Ìda tí wọ́n fi ra kánfáàsì náà, tó máa ń mú ara rẹ̀ yọ̀ díẹ̀, ti bá omi lọ, ó ti rí bí àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n gbọ̀n dànù. Okùn awọ rẹ̀ ti gan bí panla. Mo bẹ inú àpò ẹ̀gbẹ́ wò, inki ti ṣí, díẹ̀ bàìbàì ló kù.

Ọmọkùnrin náà jáde sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ rí i bó ṣe mọ́?"

Ohun tí mo sọ ò ṣeé kọ síbí. Àwọn tó ń ra àkàrà lódìkejì títì dúró wò mí. Ìgbà tí mo fún un pa ló tó jẹ́wọ́: mẹ́ṣíìnì ni, omi gbígbóná ni, wọ́n tún mú iná lọ níbi tó ti ń yí, báàgì wá sùn sínú omi ọṣẹ mọ́jú. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní òun á dá ₦2,500 mi padà, bí ẹni ń fún mi ní ṣéńjì.

Ibẹ̀ la wà tí bàbá kan fi jáde láti ẹ̀yìn, tí omi ti hun ìka rẹ̀ jọ. Alágbàfọ̀ ayé àtijọ́ ni, òun ni wọ́n ń kó òfì àti àrán fún. Odindi ọdún méjì, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ó wà níbẹ̀! Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ta ló ki èyí bọ mẹ́ṣíìnì?" Kẹ́kẹ́ pa. "Ọmọ mi, fi í sílẹ̀. Padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Ọjọ́bọ̀ pé, kò tíì fọwọ́ kàn án. Ọjọ́bọ̀ kejì, ó ti lọ síbi ìsìnkú ní Ìjẹ̀dé, kò sì sẹ́ni tó pè mí kí n tó fowó ọkọ̀ ṣòfò. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo bá a nídìí iṣẹ́, mo bá jókòó tì í.

Ó ti fi fínígà tó bomi là nu ìsàlẹ̀ báàgì, níbi tó ti fẹ́ máa bu. Ó yọ́ ìda oyin pọ̀ mọ́ àbẹ́là nínú agolo tòmátò, ó jẹ́ kó dì, ó wá ń fi í ra kánfáàsì náà bí ìgbà tí tíṣà bá ń fi ṣọ́ọ̀kì kun pátákó. Ó tẹ́ bébà lé e, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú gorí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ibi tí ìda bá ti wọlé ni àwọ̀ rẹ̀ ń dúdú padà lójú mi kòrókòró. Òrí ló fi pa okùn awọ. Mo ní ṣé kì í ṣe òróró ni. Ó ní, "Òróró, bí o bá fẹ́ kí aáyán jẹ ẹ́." Ọsàn wẹ́wẹ́ ló fi fọ ide. Ó ní n má gbé e sínú náílọ̀nù lásìkò òjò, kí n ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ kó má bàa wó, kí n fi í kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ wà.

Ó dé àpò ẹ̀gbẹ́. Ó yà á wò, ó rí inki tó kù. Mi ò tíì la ẹnu tó fi ní, "Eléyìí, má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ o."

Báàgì náà súnkì ṣá. Ìdérí rẹ̀ kò dé ihò àkọ́kọ́ mọ́, kọ̀ǹpútà mi ò sì wọ inú rẹ̀ mọ́. Mo tún dé kántà, ọmọkùnrin yẹn ní kí n san ₦4,000 owó ìda. Mo wò ó títí. Ẹ̀yìn ni mo padà sí, mo fi owó náà lé Bàbá lọ́wọ́, ó fi í sábẹ́ fìlà.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má dúró ní kántà, ẹ gba ẹ̀yìn.