AdSense Ń Sanwó, Àmọ́ Kì Í Ṣe fún Èdè Yorùbá

AdSense ń sanwó. Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ìyẹn kúrò nílẹ̀, torí òun ni gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé mo ń kọ búlọ́ọ̀gù nípa àdìrẹ máa ń bi mí, pàápàá àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì: "Àǹtí, ṣé wọ́n ń san án lóòótọ́ ṣá?" Wọ́n ń san án. Google gbé e jáde lọ́dún 2003, ètò ìsanwó wọn sì ṣe é gbọ́kàn lé: bí owó yín bá ti pé iye tí wọ́n là kalẹ̀ lópin oṣù kan, láàárín ọjọ́ 21 sí 26 oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́. Ìbéèrè tí ì bá dáa kí wọ́n máa bi mí ni irú òǹkàwé wo ni wọ́n ń sanwó lé lórí, àti èdè wo.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí: ẹ̀yin ẹ ní ojúewé, Google á gbé ìpolówó sí i, ẹni tó ni ọjà á sanwó fún Google, Google á yọ tiẹ̀, á fún yín ní tiyín. Nínú dọ́là 100 tí olùpolówó bá san, nǹkan bíi 68 ló ń kan ẹni tó ni ojúewé. Ìpín yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Mo mọ alágbàtà tí kì í jẹ́ kí aláró rí tó bẹ́ẹ̀ lórí aṣọ tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ rẹ. Láti 2024, wọn ò dúró de kí ẹnikẹ́ni tẹ ìpolówó mọ́ kí wọ́n tó ka owó; bó bá ti hàn lójú ẹni tó ń kàwé, ó ti wọ ìṣirò.

Màámi, tí wọ́n ń rẹ aṣọ títí dòní, ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún àwọn. Wọ́n ní, "Kí lo tà fún wọn?"

Mo ní, "Mi ò ta nǹkan kan, mà. Àwọn èèyàn wá ka ohun tí mo kọ, wọ́n sì rí ìpolówó níbẹ̀."

"Àwọn tó wá kà á ńkọ́, wọ́n san kọ́bọ̀?"

"Rárá, mà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ó yé mi. Ẹni tó ń wòran ò sanwó, ẹni tí ò yọjú síbi ìran ló ń sanwó."

Mi ò tíì rí ẹni tó là á kalẹ̀ tó báyẹn, títí kan àwọn tó ń gba owó kọ́ọ̀sì lọ́wọ́ yín lórí WhatsApp.

Láti bẹ̀rẹ̀ kò gbówó lọ́wọ́ ẹni. Blogger, ibi téèyàn ti lè ṣí búlọ́ọ̀gù, tí Google náà ni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 ló lè forúkọ sílẹ̀ fún AdSense, wọ́n á wá yẹ ojúewé yín wò kí wọ́n tó gbà yín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Ẹni tó lọ kó ìròyìn òṣèré láti ibòmíràn, tó yí àkọlé rẹ̀ padà, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiẹ̀, á gba èsì pé "low value content", ìyẹn ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ níye lórí, ó sì tọ́ sí i. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ohun tí ẹ mọ̀ fúnra yín. Èmi kọ bí a ṣe ń se ẹ̀kọ láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù kó má bàa ṣí kúrò lára aṣọ nínú aró, bí a ṣe ń mú ìyẹ́ adìyẹ tí a bá fẹ́ fi ya ìlà tín-ín-rín, àti ìdí tí ìko fi yẹ kó rọ̀ díẹ̀ kéèyàn tó fi so àdìrẹ oníko. Kò sí ibi tí mo ti lè da irú ẹ̀ kọ, àfi ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Bí owó yín bá ti tó dọ́là 10, Google á fi lẹ́tà oníwèé ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yín, PIN ló wà nínú ẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ máa tẹ̀ láti fi hàn pé tiyín ni àdírẹ́sì náà. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni wọ́n dá fún un. Ẹ̀yin tí àdírẹ́sì yín jẹ́ "ilé kẹta lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ẹ béèrè Ìyá Ìbejì", ẹ wá P.O. Box kan lò. Ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo lò, akọ̀wé ìjọ ló sì bá mi gbé e wá lọ́jọ́ Sunday, tó ń wò mí bí ẹni tí ìwé àṣẹ ìrìnnà sí Amẹ́ríkà dé fún. Bí kò bá dé, ẹ lè béèrè òmíràn. Bí ìyẹn náà ò bá dé lẹ́yìn ìgbìyànjú mélòó kan, wọ́n ń gba káàdì ìdánimọ̀. Ẹ má kàn jẹ́ kó kọjá oṣù mẹ́rin, torí wọ́n á dá ìpolówó dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó gbọ́dọ̀ pé dọ́là 100 kó tó jáde. Bí kò bá pé, á sùn mọ́jú oṣù kejì. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lè sùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Báńkì tún wà níbẹ̀: àkáǹtì dọ́là ni owó náà ń wọ̀, orúkọ orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti AdSense mu. Báńkì tí mo kọ́kọ́ lọ, mi ò ní dárúkọ wọn, ní kí n mú ẹni méjì tó ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì wá láti dúró fún mi. Nígbà tí owó wá dé, wọ́n gé nínú ẹ̀ kí n tó rí i, kò sì sẹ́ni tó lè fi ibi tí wọ́n kọ iye yẹn sí hàn mí. Ẹ bi wọ́n nípa owó ìgbàwọlé kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé. Àwọn tó ń gba dọ́là kò ráhùn púpọ̀ ṣá láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó dùn mí. Òǹkàwé ò dọ́gba lójú AdSense. Bí ọjà gbàǹjo ni wọ́n ṣe ń ta àyè ìpolówó, ẹni tó bá dá owó jù ló ń gbà á. Obìnrin kan ní Britain tó ń rán kuìlì, ìyẹn aṣọ ìbora tí a fi àjákù aṣọ rán pọ̀, tó wá ka bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ṣe àdìrẹ alábẹ́rẹ́, àwọn tó ń ta òwú, aṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ níbẹ̀ ń jà lé e lórí. Ẹni tó kà á ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, tó sì máa ra aṣọ ju ti obìnrin yẹn lọ lọ́sẹ̀ kan, kò sí ẹni tó ń du tiẹ̀. Mo ní ojúewé kan lórí bí a ṣe ń mọ gínní tó dáa, àwọn ará ilé níbí, ní Nàìjíríà, ń kà á gan-an, owó tó ń mú wá kò ra páàlì omi. Èyí tí mo kọ ní Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀lú, ewé tí a fi ń ṣe aró, àti omi eérú, tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Jámánì ń kà, òun ló ń gbé gbogbo wọn.

Yorùbá ńkọ́? AdSense ní ìwé orúkọ èdè tó ń gbà. Swahili wà níbẹ̀, Zulu wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wò ó gbẹ̀yìn, Yorùbá kò sí. Òfin wọn sì ni pé ojúewé tó jẹ́ pé èdè tí kò sí nínú ìwé náà ló pọ̀ jù lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé ìpolówó wọn. Kì í ṣe pé òǹkàwé Yorùbá ò sí. BBC rí wọn kí wọ́n tó dá ti Yorùbá sílẹ̀ ní 2018. Ojúewé Yorùbá mi, tí mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu Màámi kọ gẹ́lẹ́, tó sì jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù, kò lè pa sẹ́ǹtì kan níbẹ̀.

Ohun tó mú mi gbé Paystack, iléeṣẹ́ tó ń báni gba owó lọ́wọ́ oníbàárà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ̀ ọ́ nìyẹn. Mo kó ọ̀rọ̀ Màámi jọ sí ìwé PDF kan, Yorùbá pọ́nńbélé: bí a ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, bí a ṣe ń mọ ọ́n róbótó sá sóòrùn, bí a ṣe ń fi ahọ́n tọ́ omi aró wò. Mo fi í sí ₦5,000. Paystack ń yọ 1.5% àti ₦100, ìyẹn ₦175 lórí ìwé kan. ₦4,825 ló ń wọlé, lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì, sí àkáǹtì náírà tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ ò nílò wẹ́ẹ́bù kankan, líǹkì kan péré ni. Ẹ bá mi ṣírò: bí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500, ẹni 31 tó ra ìwé yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú dọ́là 100 wá. Ẹni 31! Kí AdSense tó fún mi ní iye yẹn lórí òǹkàwé ilé, ọjà Ìtòkú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kà mí tán. Àléébù ti Paystack ni pé kì í wá oníbàárà fún yín. Ẹ̀yin lẹ máa pariwo ọjà yín.

Ohun méjì kù lórí AdSense. Àkọ́kọ́, ẹ má fi gbogbo ìpolówó sílẹ̀ kó máa fúnra ẹ̀ yan ibi tó máa jókòó. Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ fóònù ń bo etí aṣọ nínú àwòrán, etí aṣọ sì ni ibi tí ẹni tó mọ àdìrẹ ti ń wo iṣẹ́. Mo pa á. Mo tún dí àwọn ìpolówó awòràwọ̀, wíwá olólùfẹ́ àti olówó-òjijì. Àyè wà fún yín láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkejì, àwọn ẹgbẹ́ "tẹ tèmi kí n tẹ tìẹ" tí wọ́n ń dá sílẹ̀ lórí WhatsApp: ẹ sá fún wọn. Google ń rí i, wọ́n á ti àkáǹtì pa, wọ́n á sì dá owó padà fún olùpolówó.

Mo ṣì ń lo AdSense, lórí ojúewé Gẹ̀ẹ́sì nìkan, àyè ìpolówó méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàkì 6 nínú 10 ni mo fún un, 8 fún Paystack. Ọjọ́ tí Yorùbá bá wọ ìwé èdè wọn, màá fi 2 kún ti AdSense.