Mo fi ẹsẹ̀ jẹun kiri Basavanagudi: ohun tí ẹnu mi rí rèé

Orúnkún ìyá mi ló gbé wa dé ìlú Bengaluru ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Iṣẹ́ abẹ ni a wá ṣe, a sì gba yàrá kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Jayanagar, ní apá gúúsù ìlú náà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, búrẹ́dì àti Milo tí a dì wá láti Ìbàdàn là ń jẹ láàárọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá onílé pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Tindi aayta?" Mo rò pé owó ilé ló ń bèèrè. Àṣé ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun àárọ̀ ni. Ìkíni ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè Kannada, bí àwọn àgbà tiwa náà ṣe máa ń bi ọmọ pé ṣé ó ti jẹun kí wọ́n tó bi í ní nǹkan mìíràn. Mo ní búrẹ́dì ni mo jẹ. Ìyá náà wò mí bíi pé èmi gan-an ni aláìsàn. Ó ní kí n lọ jẹun ní àdúgbò Basavanagudi, kí n lọ ní kùtùkùtù, kí n má sì wọ ọkọ̀ kankan bí mo bá ti débẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo lọ kí a tó padà sílé. Nígbà mẹ́ta nínú rẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin tó wá gbà mí sílẹ̀ ló bá mi rìn.

Kí n tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà bú mi lẹ́yìn ọ̀la: kò sí ẹran. Kò sí ẹja, kò sí ẹyin pàápàá. Àwọn tó dá púpọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí sílẹ̀ wá láti agbègbè Udupi, létí òkun níwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Karnataka, níbi tí oúnjẹ tẹ́ńpìlì ti jẹ́ ti ewébẹ̀ àti ẹ̀wà nìkan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí àbúrò mi tẹ̀lé mi, gbogbo abọ́ tí wọ́n gbé wá ló ń fi ìka tú wò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹran.

Ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ti ojú ọ̀nà aláwọ̀ ewé (Green Line), ni kí ẹ wọ̀ láti Jayanagar, kí ẹ sọ̀ ní National College. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, òtútù díẹ̀ máa ń mú, nítorí orí òkè ni ìlú yẹn wà, bí ojú ọjọ́ Jos. Basavanagudi kì í ṣe àdúgbò àná. Ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa àwọn ènìyàn láàárín ìlú ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni wọ́n la àwọn títì rẹ̀ gbòòrò, tí wọ́n sì gbin igi sí i, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Igi yẹn náà ló jẹ́ kí ìrìn rọrùn títí di òní. Ibi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti fọ́ nìkan ni kí ẹ máa wò nílẹ̀, ó sì fọ́ níbi púpọ̀.

Vidyarthi Bhavan ní Gandhi Bazaar ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nítorí èrò. Ọdún 1943 ni wọ́n ṣí i; "Ilé Akẹ́kọ̀ọ́" ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Bí ẹ bá lọ ní ọjọ́ Àìkú, ẹ óò kọ orúkọ sílẹ̀, ẹ óò sì dúró títí ebi á fi di ìbínú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lọ, mo sì jókòó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pẹ̀lú bàbá àgbàlagbà méjì tí n kò mọ̀ rí, nítorí kò sí ẹni tó ń dá tábìlì ní níbẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀. Ìwé ìròyìn kan ni wọ́n pín sí méjì tí wọ́n ń kà. Àwòrán àwọn òǹkọ̀wé èdè Kannada wà lára ògiri, wọ́n ń wo ẹni tó ń jẹun.

Ẹ wá wo ẹni tó ń gbé oúnjẹ. Aṣọ funfun ló ró mọ́ ìdí, ó sì to abọ́ masala dosa lé ara wọn láti àtẹ́lẹwọ́ dé èjìká. Mo ka mẹ́rìnlá. Ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìwo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣe ògì á tètè mọ ohun tí dosa jẹ́. Wọ́n á rẹ ìrẹsì, wọ́n á rẹ ẹ̀wà kékeré kan tí eèpo rẹ̀ dúdú tí inú rẹ̀ funfun, tí wọ́n ń pè ní urad, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ mọ́jú kó kan. Ní búkà kan tó kọjú sí títì ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń dín in. Ọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀ wọ́n omi sórí irin gbígbóná, ó sì fi ọwọ̀ gbá a. Ọwọ̀ gan-an ni mo wí, irú èyí tí à ń fi gbálẹ̀, àmọ́ ó kúrú. Mo kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Omi náà ló ń rọ ooru irin lójú, kí ìyẹ̀fun má baà gan mọ́ ọn kó tó tẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ni yóò da èyí tó lọ̀ sí i, yóò fi ìdí abọ́ tẹ́ ẹ yíká, yóò sì da gíì, òróró tí wọ́n yọ́ lára bọ́tà màlúù, lé e lórí. Ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n sè tí wọ́n sì fi àlùbọ́sà àti atalẹ̀ pò ló ń wọ inú rẹ̀.

Ti Vidyarthi Bhavan nípọn ju ti ibòmíràn lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa bí ẹ̀yìn ìkòkò amọ̀, ó ń dún kọ̀ǹkọ̀ bí ẹ bá kán an, inú rẹ̀ sì rọ̀. Ó dùn. Ṣùgbọ́n gíì rẹ̀ pọ̀ fún ikùn tèmi, n kò sì lè jẹ odidi kan kí n tún rìn. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé kí èmi àti àbúrò mi jẹ ọ̀kan pọ̀. Kò sí ẹni tó máa wò yín ṣánṣán. Kọfí pàápàá, àwọn ará ibẹ̀ á ní "by two", wọ́n á sì pín in sí ife méjì fún yín.

Láti ibẹ̀, ẹ gba àárín àwọn olódòdó Gandhi Bazaar kọjá. Bí ẹ bá ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ yà sí tẹ́ńpìlì akọ màlúù tí àdúgbò náà ti gba orúkọ. Òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ màlúù náà láti inú rẹ̀, ó sì ga ju ènìyàn méjì lọ. Ẹ̀pà tuntun ni àwọn àgbẹ̀ máa ń kó wá síbẹ̀ lọ́dọọdún fún ọjà ńlá kan, ní bíi oṣù kọkànlá. Èmi kò bá ọjà ẹ̀pà, mo bá òjò.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni Brahmin's Coffee Bar ní Shankarapuram. Ó ti wà láti ọdún 1965. Kò sí àga. Ẹ óò sanwó, ẹ óò gba abọ́, ẹ óò sì dúró síta pẹ̀lú àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré ìdárayá tán. Oúnjẹ mẹ́rin péré ni wọ́n ń tà: idli, vada, khara bath àti kesari bath, pẹ̀lú kọfí àti tíì. Ọbẹ̀ sambar tí gbogbo ibòmíràn ń bù sí i, wọn kì í ṣe é rárá. Chutney àgbọn, ìyẹn àgbọn tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ ata, nìkan ni, ọkùnrin kan sì dúró tì í tó ń fi ṣíbí ńlá bù ú kún abọ́ yín, ẹ̀ẹ̀melòó tí ẹ bá fẹ́.

Nígbà tí mo gbọ́ pé kò sí ọbẹ̀, mo rò pé ahun ni wọ́n. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, mo ti idà mi bọ àkọ̀. Ojú idli, tí wọ́n fi ìrẹsì àti urad kíkan ṣe bíi ti dosa, jọ ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, á rú padà bíi tìmùtìmù. Ooru omi ni wọ́n fi ń sè é bí mọ́ín-mọ́ín, láìsí òróró, láìsí ata. Bí ọbẹ̀ bá bò ó mọ́lẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó kan dáadáa. Níbí, kò sí ibi tó lè sá pamọ́ sí.

Vada ńkọ́? Mo di mẹ́ta fún ìyá mi nínú kúlà oúnjẹ. Ó bù ú ní ẹẹ̀kan, ó dákẹ́, ó ní, "Àkàrà rèé. Wọ́n kàn lu ihò sí i láàárín ni." N kò bá a jiyàn. Urad tí wọ́n bó ni dípò ẹ̀wà tiwa, wọ́n fi ata iyẹ̀rẹ̀ àti ewé olóòórùn kan sí i, ihò náà sì ni kí inú rẹ̀ lè jinná bí ẹ̀yìn. Idli ló wá di oúnjẹ rẹ̀ títí a fi kúrò, nítorí egbòogi tó ń lò kò jẹ́ kí nǹkan tó lóròóró bá a lára mu.

Ní ti khara bath, ẹ fi ọkàn balẹ̀: sẹ́mó ni. Sẹ́mó tí a ń rò fún ilá ni wọ́n yan gbẹ, tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ àti ata sè. Kesari bath, sẹ́mó náà ni, pẹ̀lú ṣúgà àti gíì. Mo fi ìkejì yìí sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

MTR (Mavalli Tiffin Rooms), ilé oúnjẹ kan lójú ọ̀nà Lalbagh, ni òpin ìrìn, ó tó bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọdún 1924 ni ti ibẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì tí ìrẹsì wọ́n, wọ́n fi sẹ́mó dán idli wò, ìyẹn sì ni rava idli tí gbogbo ìlú ń jẹ báyìí. Ẹ̀pà kájú wà nínú rẹ̀. Ó wúwo ju ti ìrẹsì lọ, ẹyọ kan tó ènìyàn. Kọfí wọn ni mo tìtorí rẹ̀ padà lọ: wọ́n fi chicory, gbòǹgbò kan tí wọ́n yan tí wọ́n sì lọ̀, pò ó, wọ́n sì ń dà á láti inú ife sínú abọ́ kékeré lókè lókè títí á fi hó, bí àwọn mai ṣáì ṣe ń fa tíì ní Sábó.

Ọjọ́ kan péré ló bàjẹ́. Mo pẹ́, aago méjìlá ti kọjá, mo sì yà sí ilé oúnjẹ kan tí n kò ní dárúkọ. Chutney ti kan. Àgbọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni nínú ooru. Mo ṣe àròyé, wọ́n bù òmíràn láti inú ike kan náà. Ikùn mi kò gbà á fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá wọlé, chutney ni mo kọ́kọ́ ń gbóòórùn, bó bá sì ti kọjá aago mọ́kànlá, kọfí nìkan ni mo ń rà.

Ẹ rántí pé Vidyarthi Bhavan kì í ṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, MTR kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé, Brahmin's kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú. Fún èmi àti àbúrò mi, ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú kọfí kò gbà tó 500 rupee lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi jẹun. Ìyẹn kò nílò àlàyé fún ọmọ Yorùbá. Lẹ́yìn MTR, ẹ la ọgbà Lalbagh kọjá sí ibùdókọ̀ ojú irin tó wà ní ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, kí oúnjẹ lè rọlẹ̀.

Ẹ̀rọ ìlọta olókùúta tí wọ́n ń ṣe ní Coimbatore ni ìyá mi rà ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Kílò mẹ́tàlá. Mo ní ẹrù wa ti kún. Ó ní kí n yọ bàtà mi kúrò.