Kọ́ńsáàtì orin cabaret àti jáàsì Paris ayé àtijọ́: ẹ lọ, àmọ́ iwájú ni kẹ́ ẹ jókòó sí

Ẹni tó bá ń rò ó bóyá kóun ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ rà á o jàre, àmọ́ ẹ má ra ti òkè, màá sọ ìdí ẹ̀ láìpẹ́. Olóhùn ópẹ́rà ni obìnrin tó kọrin lálẹ́ ọjọ́ yẹn, irú àwọn tí kì í lo máìkì tí ohùn wọn á sì tún kún ilé bámúbámú, òun ló wá kó orin cabaret (orin ilé fàájì alẹ́) àti jáàsì jọ, àwọn tí wọ́n ń kọ ní Paris láàárín ogun àgbáyé kìíní àti ìkejì, 1918 sí 1939, ó sì fi ṣeré odindi alẹ́ kan nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Paris níbẹ̀ náà. Píánò, gìtá, fayolíìnì, pẹ̀lú báàsì ńlá tí wọ́n máa ń gbé nàró yẹn, kò sí ìlù rárá. Ẹ̀gbọ́n mi tá a jọ lọ ti fajú ro, wọ́n ní jáàsì wo ni kò ní ìlù, àmọ́ bí ẹgbẹ́ Django Reinhardt tó ń ta gìtá àti Stéphane Grappelli tó ń ta fayolíìnì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní 1934, gìtá mẹ́ta, fayolíìnì kan, báàsì kan, ó tán. Gìtá ló ń ṣiṣẹ́ onílù, onígìtá á gbá okùn, á sì tẹ̀ ẹ́ pa lójú ẹsẹ̀, ṣàkà, ṣàkà, ṣàkà, kí orin kejì tó parí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò gbélẹ̀ mọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ò dùn mọ́ mi, ká sọ òótọ́. Orin Josephine Baker ló fi ṣí i, "J'ai deux amours" ti 1930, gbogbo ohùn ló tú síta. Ohùn yẹn dára o, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn, àmọ́ mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, orin téèyàn fi ń sọ pé ìfẹ́ méjì lòun ní, ìlú òun àti Paris, kí lèèyàn fẹ́ fi ariwo ṣe níbẹ̀? Baker fúnra ẹ̀, ọmọ St. Louis ní Amẹ́ríkà tó dé Paris ní 1925 lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ohùn ẹ̀ fúyẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ló ń fẹ́ kéèyàn gbọ́. (Síkẹ́ẹ̀tì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ọn, wọn ò mọ̀ pé ó ṣe amí fún àwọn tó ń bá Hitler jà, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbé orúkọ ẹ̀ wọ Panthéon, ilé tí ilẹ̀ Faransé ti ń bọlá fún àwọn akọni ẹ̀, ní 2021.)

Ìgbà tó kan Kurt Weill ni nǹkan yí padà. Júù ará Jámánì ni Weill, ó sá fún Hitler wá sí Paris ní 1933, ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣe orin tó ń jẹ́ "Je ne t'aime pas", obìnrin kan ló ń sọ fún ọkùnrin pé mi ò nífẹ̀ẹ́ ẹ, mi ò nífẹ̀ẹ́ ẹ, tí gbogbo ayé sì mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Olórin wa rọra wá fara ti píánò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé igi ẹ̀, ó sì gbé ohùn ópẹ́rà sílẹ̀ pátá. Ó ń sọ̀rọ̀ ni. Ìgbà míì tó bá fẹ́ mú ìlà kan, àwa tá a wà níwájú ń gbọ́ bó ṣe ń mí sínú, ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló wá pariwo ẹ̀, tìbínú-tìbínú, ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Gbogbo ohùn ńlá tó ti ń ná ná láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kó tọ́jú ẹ̀ dè.

Ìdí tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ wà níwájú nìyẹn. Nígbà ìsinmi, obìnrin kan tó jókòó sókè ń ráhùn pé òun ò gbọ́ nǹkankan nínú orin Weill yẹn. Ọ̀rọ̀ máìkì kì í sì í ṣe nǹkan tuntun, Jean Sablon, olórin Faransé kan, gbé máìkì sórí ìtàgé ní 1936, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lóhùn ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé òun ló lè sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí ẹni tó wà lẹ́yìn á gbọ́. Tí madam bá ti fẹ́ máa sọ̀rọ̀ báyẹn, kó lo máìkì, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Apá kejì, nígbà tó lọ pààrọ̀ aṣọ, onípíánò dá nìkan ta "Le Bœuf sur le toit" ti Milhaud, ará Faransé tó ń ṣe orin, wọ́n gé e kúrú. Milhaud bá Claudel, akéwì tó ń ṣojú ìjọba Faransé, ṣiṣẹ́ ní Rio ní Brazil nígbà ogun kìíní, orin àwọn ará ibẹ̀ ló kó wálé, kẹ́ ẹ sì gbọ́ bí ọwọ́ òsì ẹ̀ ṣe ń jó, ẹ máa mọ̀ pé àwọn èèyàn wa aláwọ̀ dúdú ti kọjá níbẹ̀. Cabaret kan tún ya orúkọ orin yẹn lò ní 1922, ibẹ̀ ni gbogbo gbajúmọ̀ ń forí lé lálẹ́.

Ohun tó bí mi nínú ni pé wọ́n ní orin àárín ogun méjì, wọ́n wá fi "Je te veux" ti Satie, ará Faransé míì tó ń ṣe orin, sí i, orin tó ti jáde láti 1903! Wọ́n tún fi orin Poulenc, ará Faransé bíi tiẹ̀, tọdún 1940 sí i, ogun ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Kò burú, orin dídùn ni. Àmọ́ ibo ni biguine wà, orin ijó àwọn ará Martinique àti Guadeloupe, erékùṣù Faransé ní Caribbean? Àwọn ọmọ Martinique àti Guadeloupe ń kún Bal Nègre, ilé ijó kan ní òpópónà rue Blomet ní Paris, lálẹ́, Stellio tó ń fun klarinẹ́ẹ̀tì dé láti Martinique ní 1929, gbogbo Paris ń jó biguine, kọ́ńsáàtì yìí ò kọ ẹyọ kan. Kì í ṣe Josephine nìkan ni aláwọ̀ dúdú tó wà ní Paris nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Èyí tí wọ́n fi dágbére, "Parlez-moi d'amour", ó jókòó sétí ìtàgé, gìtá nìkan ló tẹ̀ lé e, ó sì dùn ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìwé ètò, yúrò márùn-ún, kò sí ọ̀rọ̀ orin kankan nínú ẹ̀, ẹ má rà á, ẹ wo ọ̀rọ̀ orin lórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Kẹ́ ẹ sì jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ìpápánu àti ọtí nìkan ni wọ́n ń tà, àwọn tó ń tà á ò sì yé fọ ife nígbà tí orin ń lọ.