Fáíbà wọ ilé wa ní abúlé Cumbria: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́sàn-án

Ọmọ ọdún méje kan ní London ló kọ́kọ́ jẹ́ kó yé mi pé íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa ti kọjá ohun tí èèyàn ń fara dà. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí òkè òkun, lórí Zoom, láti inú ilé wa ní Cumbria, ní àríwá ilẹ̀ England. Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ la ń kọ́. Mo pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tún wọn pè. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Etí rẹ̀ ò di. Ohùn mi ló ń já kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ti nù sọ́nà. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ní Yorùbá?

Wáyà tẹlifóònù oníbàbà la ń lò nígbà náà. Ibùdó tẹlifóònù tó ti wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà márùn-ún sí wa, bí ọ̀nà bá sì ṣe ń jìn sí i ni agbára wáyà bàbà ń relẹ̀ sí i. Mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan la fi ń gba nǹkan wọlé. Èyí tí a fi ń fi nǹkan ránṣẹ́ kò tó ìlàjì mẹ́gábíìtì. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bojú wo ti fífi ránṣẹ́ yìí rárá. Ẹni tó ń wo fíìmù, gbígbà ló ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ni, tàbí ẹni tó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ ní Adó-Èkìtì rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ kedere, fífi ránṣẹ́ ni tirẹ̀. Ó dùn mí pé iye tí ilé-iṣẹ́ ìgbà yẹn ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó wà láàárín ìlú náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa.

Òfin kan wà. Láti oṣù kẹta ọdún 2020, ẹni tí kò bá lè rí mẹ́gábíìtì 10 ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún un. Àmọ́ bí iṣẹ́ ilé náà bá ju pọ́n-ùn 3,400 lọ, onílé ni yóò fi owó tó kù kún un. Iye tí wọ́n pè fún ilé wa, apá wa ò ká a.

Fáúṣà ìjọba ló gbà wá, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún fífa fáíbà, okùn dígí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gbà, wọ ilé. Nígbà tiwa, ó lè tó pọ́n-ùn 4,500 fún ilé kan ní ìgbèríko. Owó náà kì í dé ọwọ́ onílé: ilé-iṣẹ́ tó fa fáíbà ló ń gbà á lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí. Fáúṣà ilé kan ṣoṣo kì í sábà tó iṣẹ́, nítorí náà a kó ti ilé 21 pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ àdírẹ́sì yín wò kí ẹ tó gbójú lé e, torí kì í ṣe gbogbo àgbègbè ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún. Lancashire, tó wà nísàlẹ̀ wa, ni a ti rí àpẹẹrẹ. Ní 2011 ni àwọn ará ìgbèríko ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ B4RN sílẹ̀ láti fa fáíbà fúnra wọn. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ń yọ̀ǹda oko lọ́fẹ̀ẹ́, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń rí mẹ́gábíìtì 1,000 ní gbígbà àti ní fífi ránṣẹ́. Inú pápá ni wọ́n ń gbà kí wọ́n má bàa máa fọ́ títì, torí fífọ́ títì ló ń jẹ owó jù.

Àwa náà rò pé owó ni wàhálà wa máa jẹ́. Ilẹ̀ ni. Àgbẹ̀ mẹ́ta ló ni pápá tí páìpù máa gbà. Méjì fọwọ́ sí ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀kẹta, bàbá àgbàlagbà kan tó ń sin àgùntàn, kò dáhùn lẹ́tà. Oṣù mẹ́rin ni ilé-iṣẹ́ fi ń kọ̀wé sí i, tí wọ́n ń sọ fún wa pé ó kọ̀. Èmi àti ọkọ mi pinnu pé a ò lè máa fi lẹ́tà bá àgbà sọ̀rọ̀. A lọ kí i nílé lọ́jọ́ Sunday. Ó fi wá jókòó sí ìdí ààrò, ó po tíì fún wa, ó mú ìwé kan, ó ya pápá rẹ̀ sí i. Bàbá rẹ̀ ló ri àwọn páìpù tí ń fa omi kúrò nínú oko, kò sì sí àwòrán wọn níbì kankan àyàfi nínú orí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á gé wọn, omi á sì gba oko. Ó ní kò sẹ́ni tó wá bi òun. Wọ́n yí ọ̀nà fáíbà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri òkúta, ó sì fọwọ́ sí i.

Èkìtì ni mo rántí. Owó tí ilé-iṣẹ́ ń san fún ìjọba kí wọ́n tó lè gba ilẹ̀ kọjá wà lára ohun tó ń fa ọwọ́ fáíbà sẹ́yìn ní Nàìjíríà, inú mi sì dùn ní 2020 nígbà tí ìpínlẹ̀ mi dín tirẹ̀ kù sí náírà 145 lórí mítà kan.

Iṣẹ́ pápá yá ju bí mo ṣe rò lọ. Katakata ń fa irin kan bí ọ̀bẹ gígùn. Irin náà ń la ilẹ̀, ó ń ri páìpù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, koríko sì ń padé lẹ́yìn rẹ̀. Títì kékeré kan ṣoṣo tí wọ́n ní láti là kọjá ló dá wa dúró oṣù mẹ́ta, torí àṣẹ. Mi ò bínú sí àṣẹ. Ohun tó bí mi nínú ni pé ilé-iṣẹ́ náà ò pe ẹnikẹ́ni láàárín àkókò yẹn. Àwa là ń pè wọ́n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé wa, wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ okùn dígí náà gba inú páìpù títí ó fi yọ lára ògiri ilé. Mo dúró ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó so ó. Okùn náà tín-ín-rín bí irun orí. Ó bó o, ó fi ọtí nù ún, ó gé e, ó tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ kan tó ní ojú bíi ti fóònù. Lójú ẹ̀rọ náà, orí okùn méjèèjì tóbi bí òpó, wọ́n ń sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Iná ṣẹ́ yẹ̀rì, wọ́n di ọ̀kan, n ò sì rí ojú oríkèé mọ́. Gbogbo èérún dígí tó gé ló kó sínú ìgò kékeré, ó ní bó bá wọ awọ ara, yíyọ rẹ̀ kì í rọrùn.

Lórí wáyà tí a kì bọ ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, mẹ́gábíìtì 900 ó lé ni a ń rí, lọ àti bọ̀. Pọ́n-ùn 35 lóṣù la ń san. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lọ, wọ́n sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń gbọ́ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ báyìí, wọ́n tiẹ̀ ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé olókúta àtijọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ògiri wa nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, Wi-Fi ò sì lè gbà á kọjá. Yàrá òkè ò rí nǹkan kan títí a fi fa wáyà lọ síbẹ̀. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kí àpótí fáíbà wà kí òṣìṣẹ́ tó lu ògiri. Tiwa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìloro, kì í ṣe ibi tó yẹ kó wà.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Tẹlifóònù àtijọ́ ń gba iná láti ibùdó, ó ń dún bí iná ilé bá tiẹ̀ lọ. Ti fáíbà ò rí bẹ́ẹ̀, iná ilé ló ń lò. Nígbà ìjì Arwen, ní oṣù kọkànlá 2021, àwọn ilé kan ní àríwá England lo ohun tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìní iná. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún ẹni tó gbára lé tẹlifóònù ilé ní ohun tó lè fi pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, fún ó kéré tán wákàtí kan bí iná bá lọ, ṣùgbọ́n ẹ béèrè fún un. Àwa ra bátìrì tó ń gbé ráútà àti àpótí náà fún wákàtí mẹ́fà.

Ilé méjì lódìkejì odò ṣì wà lórí bàbà. Wọn ò sí nínú 21 wa, obìnrin tó wà nínú ọ̀kan sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n máa pa iṣẹ́ tẹlifóònù àtijọ́ ní oṣù kìn-ín-ní 2027. Ilé-iṣẹ́ sọ fún wa pé ẹni tó ni ilẹ̀ etí odò ò tíì dáhùn lẹ́tà. Lọ́jọ́ Saturday, èmi àti bàbá alágùntàn yẹn ni a jọ ń lọ kí i.