Nẹ́tíwọ̀kì kọ́ ló ń pa mí: mo ti lo ìtọpinpin ìjà tuntun fún EVE Online, ẹ wá gbọ́

Ẹ wò ó, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń bú nẹ́tíwọ̀kì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fọ́ ọkọ̀ mi nínú géèmù EVE Online ni mo máa ń sọ fáwọn ará corp wa (ẹgbẹ́ tá a jọ ń ta á) pé ẹ má bínú, Abẹ́òkúta ni mo wà, Ìbarà níbí, nẹ́tíwọ̀kì ò da, wọ́n á sì bá mi kẹ́dùn. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún rọrùn láti gbà gbọ́ ṣá, London ni sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé géèmù náà, wà, èmi rèé níbí, iná ń lọ iná ń bọ̀, inverter ń ké. Àfìgbà tí sáìtì tá a fi ń wo àkọsílẹ̀ ìjà wa gbé ìtọpinpin tuntun jáde (mi ò ní dárúkọ wọn o, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ rò nísàlẹ̀).

Fún ẹni tí ò mọ géèmù náà, ilé iṣẹ́ CCP ní Iceland ló ṣe é, 2003 ló jáde, ọkọ̀ ojú sánmà la fi ń ṣòwò, òun náà la fi ń jà, tí wọ́n bá sì fọ́ tìẹ ó lọ nìyẹn. Géèmù á wá kọ ìwé kan tá à ń pè ní killmail: orúkọ gbogbo ẹni tó yìnbọn lù ẹ́, ẹni tó yin ti ìkẹyìn, ẹrù tó jóná, èyí tó ṣẹ́ kù. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó pa ẹ́ ló ń sọ, kì í sọ ìwà òmùgọ̀ tó o hù kó tó pa ẹ́.

Ibẹ̀ ni nǹkan tuntun yìí ti wọlé. Géèmù náà máa ń tọ́jú fáìlì ìjà sínú kọ̀ǹpútà rẹ láìjẹ́ pé o sọ fún un, wọ inú Documents, wá EVE, logs, Gamelogs, ó wà níbẹ̀. Gbé e sórí sáìtì, wọ́n á so ó pọ̀ mọ́ killmail, wọ́n á ya gbogbo ìjà náà fún ẹ ní sẹ́kọ́ńdì sí sẹ́kọ́ńdì, ìbọn wo ló bà, èwo ló kàn ra á lára, èwo ló tàsé.

Èyí tó dójú tì mí rèé. Hurricane ni mo gbé jáde, mo fi ìbọn artillery 720mm sí i, ọkọ̀ tó tóbi díẹ̀ nìyẹn, Rifter kékeré kan wá dì mọ́ mi lára, ó so mí mọ́lẹ̀, mo yìn ín yìn ín kò ṣiṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, wọ́n fọ́ mi. Nẹ́tíwọ̀kì, mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ìgbà tí mo gbé fáìlì yẹn sórí sáìtì, mo rí i pé ìbọn mi kọ̀ọ̀kan jáde lásìkò tó yẹ, kò sí èyí tó pẹ́. Wọ́n kàn ń tàsé ni, misses, misses, misses, títí ilẹ̀ fi kún. Ìbọn ńlá yẹn kì í tètè yí ọrùn, ẹ fojú inú wo màmá àgbà tó jókòó sórí àpótí pẹ̀lú pàṣán, tí ọmọ kékeré ń sá yí i ká, níbo ló fẹ́ bá a? Sáfà náà gan-an, sẹ́kọ́ńdì kan sí ìkejì ló ń ka ìṣirò, torí náà ìdádúró kékeré tó wà láàárín èmi àti London ò lè jẹ́ kí n tàsé báyẹn.

Nísàlẹ̀ àwòrán yẹn wọ́n kọ dámééjì (ọṣẹ́ tí wọ́n ṣe) dróònù mi síbẹ̀: òdo. Mo ní dróònù kéékèèké márùn-ún nínú ọkọ̀ tí wọ́n dìídì wà fún irú Rifter bẹ́ẹ̀. Mi ò tú wọn sílẹ̀ rárá. Mo ti gbàgbé pé mo ní wọn.

Ẹjọ́ mi wá rèé. Wọ́n fi tábìlì kan síbẹ̀ tó ń to gbogbo ẹni tó jà pọ̀, láti orí ẹni tó ṣe dámééjì jù dórí ẹni tó kéré jù, ọ̀hún ló sì kọ́kọ́ máa ń ṣí. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú corp wa, Láfẹ́nwá ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ àtúnṣe ni wọ́n máa ń ṣe, àwọn ló ń tún ọkọ̀ wa ṣe lójú ìjà. Killmail kì í ka irú wọn mọ́ ẹni tó jà tẹ́lẹ̀, tábìlì tuntun yìí sì wá fi wọ́n sísàlẹ̀ pátápátá, òdo. Ọmọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló bá ní kí ni Ẹ̀gbọ́n wá ṣe níjà. Ẹ̀gbọ́n ò fèsì, ìjà tó tẹ̀ lé e wọn ò wá, ọkọ̀ mẹ́rin la pàdánù. Sáìtì lè ka àtúnṣe o, àmọ́ àfi tí ẹni náà bá gbé fáìlì tiẹ̀ sórí rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì ní àwọn ò ráyè ìyẹn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Aago wọn náà, UTC (aago àgbáyé) ni, ìjà aago mẹ́jọ alẹ́ wa, méje ni wọ́n kọ, mo wá fáìlì mi títí ojú ń ro mí. Orí fóònù, tábìlì yẹn sá kúrò lójú, o ò lè gbé fáìlì síbẹ̀ rárá. Tó bá di ti password, ẹ fọkàn balẹ̀, ojú ewé CCP fúnra wọn lẹ ti máa wọlé, sáìtì ò ní rí i, àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ gbà wọ́n láyè láti wò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tí sáìtì náà bá bèèrè password lójú ewé tiẹ̀ gan-an, ẹ sá.

Lálẹ́ Sátidé Rifter míì tún wá dì mọ́ mi. Mo tú dróònù márààrún sílẹ̀ kíákíá. Wọ́n fọ́ ọ. Inú mi dùn débi pé mo dìde lọ gbé omi mu, ìgbà tí mo fi máa padà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé. Mi ò tíì gbé fáìlì yẹn sórí sáìtì.